Bí A Ṣe Ń Yan Fèrèsé fún Ilé ní Minnesota

Ní Minneapolis, òtútù òru oṣù Kìíní máa ń já sí -20°C nígbà mìíràn. Tó bá fi máa di oṣù Keje, ooru ọ̀sán lè kọjá 30°C. Fèrèsé kan náà ló máa kojú méjèèjì. Àwa tí wọ́n bí sí Ìbàdàn tàbí Òṣogbo mọ fèrèsé sí ohun tí à ń ṣí kí atẹ́gùn lè wọlé. Níbí, iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ni kó sé atẹ́gùn mọ́ ìta. Ẹ mú tépù, pẹ́ńsùlù, ìwé, tùràrí àti láítà. Ẹ kò ní láti jẹ́ káfíńtà.

1. Ká kọ́kọ́ yẹ èyí tó wà nílé wò. Lọ́jọ́ tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ níta, ká pa fáànù àti hítà, ká ká kọ́tìnnì kúrò, ká tan tùràrí, ká sì rọra gbé e yí etí fèrèsé ká. Bí èéfín bá ń lọ sókè tààrà, kò séwu. Bó bá ń tẹ̀ síhà yàrá, ibẹ̀ ni òtútù ń gbà wọlé. Bó bá jẹ́ etí nìkan ló ń jò, rọ́bà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ etí fèrèsé lè tó. Ṣùgbọ́n bí kùrukùru bá wà láàárín gíláàsì méjì, tí a nù ún nínú, tí a nù ún níta, tí kò lọ, gíláàsì yẹn ti bàjẹ́.

2. Ká mọ ibi tí fèrèsé kọjú sí. Nígbà òtútù, oòrùn kì í ga, ìhà gúúsù ló ń gbà. Fèrèsé ìhà ibẹ̀ ń kó ooru ọ̀fẹ́ wọlé. Ti ìwọ̀ oòrùn ló ń dani láàmú nígbà ooru: oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń wọlé tààrà, éèsì á sì máa ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ká kọ ìhà kọ̀ọ̀kan sínú ìwé, torí a kò ní láti ra irú gíláàsì kan náà fún gbogbo ilé.

3. Ká ka ìwé ara fèrèsé. Ibí ni owó ti ń ṣòfò jù. Lára fèrèsé tuntun, a óò rí ìwé pélébé kan tí wọ́n kọ NFRC sí. U-factor ń sọ bí ooru inú ilé ṣe ń yára sá jáde: bó bá ṣe kéré tó ló ṣe dára tó. Láti oṣù Kẹwàá 2023, fèrèsé tó bá fẹ́ gba àmì Energy Star fún agbègbè àríwá Amẹ́ríkà ní láti ní 0.22 tàbí kó kéré sí i. Wọ́n sì ń fàyè gba èyí tó fi díẹ̀ ga jù bẹ́ẹ̀ lọ bí SHGC rẹ̀ bá ga. SHGC ni ìpín ooru oòrùn tó ń gba fèrèsé wọlé, láti 0 dé 1. Fún gúúsù tí etí òrùlé ń ṣíji bò nígbà ooru, a lè wá 0.40, fún ìwọ̀ oòrùn, nǹkan bí 0.25. Kí Air Leakage má kọjá 0.3. Ẹ ṣọ́ra o: U-factor àárín gíláàsì máa ń dùn-ún gbọ́ létí ju ti fèrèsé lódindi, torí pé férémù kò sí nínú ìṣirò rẹ̀. Bí ọlọ́jà bá pe nọ́ńbà kan, ẹ ní kó fi hàn yín lára ìwé NFRC. Èyí tí kò bá sí níbẹ̀, ẹnu lásán ni.

4. Ká dán gíláàsì wò. Gíláàsì méjì ló kéré jù. Mẹ́ta dára fún ìhà àríwá, àmọ́ ó wúwo, ó sì wọ́n. Gáàsì argon ni wọ́n sábà máa ń fi sí àárín wọn. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni low-E, ìyẹn irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ojú kò rí tí wọ́n fi bo gíláàsì. Ká tan láítà síwájú fèrèsé onígíláàsì méjì níbi tó ṣókùnkùn, ká wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Iná mẹ́rin la máa rí nínú rẹ̀. Bí ọ̀kan bá ní àwọ̀ tó yàtọ̀, low-E wà níbẹ̀. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jọra, kò sí.

5. Ká yan férémù. Vinyl kò wọ́n, fiberglass le jù ú lọ, igi lẹ́wà ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ìtọ́jú. Aluminiomu lásán ń gbé òtútù wọlé. Fèrèsé tí à ń yí ọwọ́ ṣí síta máa ń fún mọ́ rọ́bà rẹ̀ ju èyí tí à ń fà lọ.

6. Ká wọn àyè. Ká wọn ìbú lókè, láàárín àti nísàlẹ̀. Ká wọn gíga lọ́tùn-ún, láàárín àti lósì. Èyí tó kéré jù nínú mẹ́ta ni ká kọ sílẹ̀. Ká tún wọn láti igun kan dé igun tó dojú kọ ọ́, lọ́nà méjèèjì. Bí wọ́n bá fi ju ìdá mẹ́rin ínṣì kan lọ yàtọ̀ síra, àyè náà wọ́, ẹ sọ fún kọ́ńtírátọ̀ kó tó ra fèrèsé.

7. Ká dúró ti ẹni tó ń gbé e sí. Fọ́ọ̀mù tí kì í wú púpọ̀ ni kó fún sí àyè etí férémù. Èyí tó ń wú jù lè tẹ férémù, fèrèsé kò sì ní ṣí dáadáa mọ́. Bí wọ́n bá kọ́ ilé náà ṣáájú 1978, òjé lè wà nínú ọ̀dà rẹ̀, ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ òjé ni ká pè, pàápàá bí ọmọdé bá wà nílé. Lójú tèmi, gíláàsì méjì tí wọ́n gbé sí dáadáa sàn ju mẹ́ta tí àlàfo yí ká.

Ẹni tó ń rẹ́ǹtì kò lè dá pààrọ̀ fèrèsé lándílọ́ọ̀dù. Kó ra ọ̀rá tí wọ́n ń ta fún fèrèsé nígbà òtútù, kó fi tépù olójú méjì lẹ̀ ẹ́ mọ́ férémù nínú ilé, kó sì fi ẹ̀rọ ìgbẹrun fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí i títí tí yóò fi nà. Kò wọ́n, a sì lè ṣí i kúrò nígbà tí òtútù bá lọ.