Ẹ̀ṣọ́ Wo Ló Wà Nínú Pẹjó?

Ìpolówó ọjà ni. Ọmọkùnrin orí rédíò náà, tí ohùn rẹ̀ dùn ju ìmọ̀ rẹ̀ lọ, ń kígbe pé, "Bí ẹ̀ṣọ́ inú ọkọ̀ yín bá ti gbó, ẹ má tà á! Ẹ gbé e wá, a ó bá yín pààrọ̀ gbogbo ẹ̀ṣọ́ rẹ̀!" Mo gbé ife ẹ̀kọ mi kalẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ tó gbó! Mo rí bàbá arúgbó kan lójú ọkàn mi, ó jókòó sẹ́yìn Pẹjó tòun ti ọrun àti ọfà, oorun ti gbé e lọ, wọ́n sì ti ń wá ọ̀dọ́ tí yóò rọ́pò rẹ̀.

Ọ̀ṣọ́ ni ọmọ yìí fẹ́ sọ. Ẹ lè ní kí ló kàn mí nínú fáwẹ́lì kan ṣoṣo. Ó kàn mí.

Ẹ̀ṣọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Inú ṣọ́ ló ti jáde. Ní Ọ̀yọ́ Ilé, 70 ni àwọn jagunjagun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀ṣọ́. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921 pé àwọn ìjòyè Ọ̀yọ́ Mèsì méje ní mẹ́wàá mẹ́wàá lábẹ́ wọn, pé 16 nínú wọn jẹ́ àgbà, 54 sì tẹ̀ lé wọn. Kò di dandan kí ọmọ jogún oyè náà lọ́wọ́ bàbá. Akin ni wọ́n ń wò. Ẹ lọ bi ọmọ Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí léèrè, tí ẹ bá ní àkókò láti gbọ́ oríkì títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Nígbà tí wọ́n sì dá ikọ̀ aláàbò Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, ẹ̀ṣọ́ ni àwọn oníròyìn pè wọ́n, ó bá wọn mu. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ la wá fẹ́ fi pe awọ ilẹ̀kùn ọkọ̀.

Ọ̀ṣọ́ ní tirẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí mo yàn láàyò. Ohùn ìsàlẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù, nítorí olóríkunkun ni. Ẹ fi oní ṣáájú rẹ̀, ohùn òkè á gba ìjókòó mọ́ ọn lọ́wọ́. Ṣé ó kú? Kò kú. Á fò kọjá sí òdìkejì ṣ, á lọ jókòó síwájú fáwẹ́lì ìparí: ọlọ́ṣọ̀ọ́. Bákan náà ni ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ọlọ́ṣọ̀ọ́ ni ẹni tó mọ aṣọ wọ̀, tó mọ ìlẹ̀kẹ̀ tó bá ọrùn mu. Àwọn ọmọ ìgboro wá dé, wọ́n gé ohùn ìsàlẹ̀ náà sọnù, wọ́n ń pe aṣẹ́wó ní ọlọ́ṣọ́. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù ọ̀ṣọ́ ti ń ba ọmọlúàbí. Mo fura pé ibẹ̀ ni gbogbo wọn gbà sá wọ inú ẹ̀ṣọ́.

Àbá mi nìyẹn, ó sì dùn mọ́ mi nínú títí mo fi rántí ìyá mi. Obìnrin yìí kò gbọ́ ọlọ́ṣọ́ rí láyé rẹ̀, síbẹ̀ bó bá wọ ilé tó mọ́ tónítóní, ohun tó máa ń sọ ni pé, "Ilé yìí mà lẹ́ṣọ̀ọ́ o!" Lẹ́ṣọ̀ọ́, kì í ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ta ni n ó bá jà níbẹ̀?

Mo kó ìbínú mi lọ sí Boni ní orílẹ̀-èdè Benin, lọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń rán inú ọkọ̀ lẹ́bàá títì tó gba Ṣábẹ̀ẹ́ lọ sí Parakou. Pẹjó 504 ló wà níwájú rẹ̀ (àwọn ará Nàìjíríà ní Píjò, wọ́n sì ń fi àwa ará Benin rẹ́rìn-ín). Ọdún 1968 ni irú ọkọ̀ yìí kọ́kọ́ jáde ní Faransé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Kàdúná ní Nàìjíríà ní 1975. Oòrùn ti mú kí òkè dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ sán bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi ọ̀bẹ kíkú ṣí awọ rọ́bà kúrò lára ilẹ̀kùn díẹ̀díẹ̀. Páálí abẹ́ rẹ̀ ti mu omi òjò, ó ti wú bí búrẹ́dì inú tíì. Ó tẹ́ ẹ lé orí pákó fẹ́ẹ́rẹ́, ó fi gègé ya ojú rẹ̀, ó gé e. Ó fi omi gbígbóná mú awọ àtijọ́ náà rọ̀, ó fà á bo pákó tuntun, ojú ihò abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ gan-an ló sì ń tọ̀ bó ti ń rán an.

Mo ní, "Rédíò ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀."

Ó ní, "Bàbá, níbo la ó ti rí tuntun rà? Òkú ọkọ̀ la máa ń tú. Èyí tó bá ṣeé tún ṣe, à ń tún un ṣe."

Mo wá bi í pé kí ni wọ́n ń pe gbogbo nǹkan wọ̀nyí lápapọ̀, awọ, irin dídán, bọ́tìnnì. Láì gbójú sókè ó ní, "Ẹ̀ṣọ́ ni."

Mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ mi. Mo kó Ọ̀yọ́ Mèsì dé, mo kó Johnson dé. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó wá na abẹ́rẹ́ sí àárín sítíárìn. Kìnnìún kékeré kan ló wà níbẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ awakọ̀ ti nù ún títí kò fi lójú kò fi nímú mọ́. "Bàbá, èyí ńkọ́? Kò ha ń ṣọ́ ọkọ̀ ni?"

Mo fẹ́ sọ fún un pé ara ayùn ni kìnnìún ilé Pẹjó ti bẹ̀rẹ̀, pé ní 1858 tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, líle eyín ayùn wọn ló ń polówó, kò ṣọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n mo wo ẹranko náà dáadáa. Ọ̀ṣọ́ ni lóòótọ́, àmọ́ ó ti dúró síbẹ̀ pẹ́ ju ọ̀pọ̀ ọlọ́dẹ tí mo gbà síṣẹ́ lọ.

Nínú ìwé tí mo bá fọwọ́ ara mi kọ, ọ̀ṣọ́ ni yóò máa jẹ́. Ní Boni, mo ti gbà fún wọn. Ọmọkùnrin orí rédíò yẹn nìkan ni mi ò tíì dárí jì, nítorí lọ́jọ́ kejì ó tún dé, ó ní "oṣó inú ọkọ̀".