Aṣọ Ẹbí Kì í Sọ Ọ̀rẹ́ Di Ọmọ Ìyá

Ẹ̀yin ọmọ wa ní Ìgànmú, ẹ̀yin tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà wádìí èdè tó bá ara wọn tan, kọ̀ǹpútà á bá yín ka ibi tí èdè méjì ti jọra. Ohun tó mú wọn jọra, ẹ̀yin lẹ ó wá a rí.

Ẹ wo àdúrà, àlùbọ́sà àti àlàáfíà. Hausa náà ní addu'a, albasa àti lafiya. Ẹni tó bá kó kìkì irú wọn fún kọ̀ǹpútà á ní ìyá kan ló bí Yorùbá àti Hausa, bẹ́ẹ̀ inú èdè Lárúbáwá ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀ wá. Aṣọ ẹbí kì í sọ ọ̀rẹ́ di ọmọ ìyá. Ìdí nìyí tí Morris Swadesh ará Amẹ́ríkà fi ṣa àwọn ọ̀rọ̀ téèyàn kì í sábà yá jọ láàárín 1950 sí 1959: ojú, omi, ẹ̀jẹ̀, egungun. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ wá wo èdè àwọn Igala. Omi ni wọ́n ń pe omi, ọma ni wọ́n ń pe ọmọ, ẹ̀gwá sì ni ẹ̀wá. Ẹ má wulẹ̀ ka lẹ́tà tó yàtọ̀. Ẹ béèrè bóyá w tiwa ń bá gw tiwọn pàdé nínú ọ̀rọ̀ mìíràn. Ìyàtọ̀ tó bá ń tẹ̀lé ìlànà, ẹ̀rí ẹbí ni. Onímọ̀ èdè Akínkúgbé ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1978, lórí ẹ̀ka-èdè Yorùbá, Ìṣẹ̀kírì àti Igala.

Ẹ má yọ àmì: owó, ọwọ́ àti ọ̀wọ̀ á di ọ̀kan náà. Ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà tọ́jú ẹ́ pàápàá ju ẹyọ kan lọ. Ojú ò ní rí ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà á kà á sí lẹ́tà ọ̀tọ̀. Ẹ kọ́kọ́ sọ gbogbo ọ̀nà ìtọ́jú yẹn di ọ̀kan.

Lẹ́yìn náà, ẹ jáde lọ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu èèyàn. Freetown ni Koelle, míṣọ́nnárì ará Jámánì, jókòó sí tó fi gba ọ̀rọ̀ èdè tó lé ní 150 lẹ́nu àwọn tí wọ́n dá nídè lọ́wọ́ òwò ẹrú. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1854. Ẹ̀yin náà, ẹ kí àgbà àdúgbò yín, ẹ béèrè ọ̀rọ̀ àti ìlú tí wọ́n ti ń sọ ọ́. Bí kọ̀ǹpútà bá ya igi ìdílé èdè tán, ẹ gbé òun àti ọ̀rọ̀ tí ẹ gbà padà fún wọn wò. Ibi tí wọ́n bá ti ní “a kì í pè é bẹ́ẹ̀”, ẹ tún un ṣe kó tó dé iwájú olùkọ́ yín.