BÍ A TI Ń FI KỌ̀ǸPÚTÀ YA ÀWÒRÁN ÌṢIRÒ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, “Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.” Òwe yìí bá iṣẹ́ yíya àwòrán ìṣirò mu. Ẹni tí ó bá yẹ ibi díẹ̀ wò nínú ìṣirò kan, tí ó sì rò pé òun ti mọ bí ó ti rí, yóò ṣìnà láìfura.

Gíráàfù tí a ń yà sínú ìwé kò ṣàjèjì sí ọmọ ilé-ìwé girama. Ìlà méjì ni ó ní: x dùbúlẹ̀, y nàró. Ṣùgbọ́n ìṣirò mìíràn wà tí ìlà méjì kò lè gbà. Ó ní òòró, ó ní ìbú, ó sì ní gíga. Kí a fi oko kan ṣe àpẹẹrẹ. Òòró oko náà ni x, ìbú rẹ̀ ni y. Àwọn méjèèjì ni ó ń sọ ibi tí ènìyàn dúró sí. Ìlà kẹta, tí í ṣe z, ni ó ń sọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ti ga tó tàbí bí ó ti jìn tó. Nítorí náà, àwòrán tí yóò jáde kì í ṣe ìlà kan ṣoṣo mọ́, bí kò ṣe ojú ilẹ̀ tí ó ní òkè àti àfonífojì.

Ìṣirò tí ó dára fún ìbẹ̀rẹ̀ ni z = x² − y². Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Bí x bá jẹ́ 2, tí y sì jẹ́ 0, méjì lọ́nà méjì jẹ́ mẹ́rin. A kò yọ nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀, nítorí náà z jẹ́ 4: òkè ni ibẹ̀. Bí x bá jẹ́ 0, tí y sì jẹ́ 2, z yóò di −4: kòtò ni ibẹ̀. Ní àárín gbùngbùn, níbi tí x àti y ti jẹ́ 0, z náà jẹ́ 0. Ẹni tí ó bá fi ojú inú wo èyí yóò rí i pé ó dàbí gàárì ẹṣin: ó ga níwájú àti lẹ́yìn, ó sì rọ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, níbi tí ẹsẹ̀ ẹni tí ń gun ẹṣin máa ń wà. Orúkọ gàárì náà ni àwọn onímọ̀ ìṣirò fi ń pè é.

Bí a bá ní kí a fi ọwọ́ ṣe ìṣirò ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú ibi bẹ́ẹ̀, yóò sú ènìyàn. Ṣùgbọ́n kì í rẹ kọ̀ǹpútà. Èdè tí a lè fi pàṣẹ fún un ni Python, tí Guido van Rossum, ọmọ ilẹ̀ Họ́lándì, gbé jáde ní ọdún 1991. Irin-iṣẹ́ méjì ni a óò fi kún un: NumPy, tí ń bójú tó nọ́ńbà, àti Matplotlib, tí ń ya àwòrán, èyí tí John D. Hunter, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé jáde ní ọdún 2003. Àṣẹ náà nìyí:

import numpy as np
import matplotlib.pyplot as plt
x = np.linspace(-2, 2, 5)
X, Y = np.meshgrid(x, x)
Z = X**2 - Y**2
ax = plt.axes(projection="3d")
ax.plot_surface(X, Y, Z)
plt.show()

Àṣẹ méjì àkọ́kọ́ pe irin-iṣẹ́ méjèèjì wá. Ìkẹta mú nọ́ńbà 5 láti −2 dé 2. Ìkẹrin to àwọn nọ́ńbà náà ní òòró àti ní ìbú, bí àgbẹ̀ ti ń to ebè, títí wọ́n fi di ibi 25. Ìkarùn-ún ṣe ìṣirò gíga ibi kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta tí ó kù pèsè àyè fún òòró, ìbú àti gíga, wọ́n ya ojú ilẹ̀ náà, wọ́n sì fi í hàn.

Ibi tí ewu wà ni nọ́ńbà 5 nì. Bí akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kánjú bá fi 2 rọ́pò rẹ̀, igun mẹ́rin oko náà nìkan ni kọ̀ǹpútà yóò yẹ̀ wò. Ní igun kọ̀ọ̀kan, x² jẹ́ 4, y² sì jẹ́ 4. Bí a bá yọ 4 kúrò nínú 4, òfo ni. Kọ̀ǹpútà yóò so igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, yóò sì ya ilẹ̀ tí ó tẹ́jú bí ẹní. Òkè ti pòórá, kòtò ti pòórá, kò sì sí ìkìlọ̀ kankan. Kọ̀ǹpútà kò purọ́. Ohun tí a bi í ni ó dáhùn. Ṣùgbọ́n bí a bá fi 41 síbẹ̀, ibi 1,681 ni yóò yẹ̀ wò, gàárì náà yóò sì jáde láìní gbágungbàgun.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti kọ́kọ́ fi ọwọ́ ṣe ìṣirò rẹ̀ kò ní gba ẹní náà gbọ́, nítorí ó ti mọ̀ pé òkè wà níbẹ̀. Ẹni tí kò ṣe é yóò gba àwòrán náà bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ tí a fẹ́ la ọ̀nà gbà ni a ń yà ńkọ́? Inú kòtò tí a kò rí nínú àwòrán ni ọkọ̀ yóò já sí. Nítorí náà, kí ìṣirò ọwọ́ ṣáájú, kí àwòrán kọ̀ǹpútà tẹ̀lé e.

ÌBÉÈRÈ
1. Kí ni x, y àti z dúró fún nínú àpẹẹrẹ oko?
2. Wá iye z nígbà tí x jẹ́ 1, tí y sì jẹ́ 2. Òkè ni ibẹ̀ ni, tàbí kòtò?
3. Èéṣe tí ilẹ̀ náà fi tẹ́jú nígbà tí a lo nọ́ńbà 2?
4. Fi òwe tí ó bẹ̀rẹ̀ àyọkà yìí kọ àròkọ kúkúrú lórí ohun mìíràn tí o mọ̀.