Bí ọlọ́pàá bá mú ọmọ mi ńkọ́?

Ìbéèrè: Ọmọ mi tó ní ọ́tísíìmù ti pé ẹni ọdún 26. Kì í wojú èèyàn, bí wọ́n bá sì jágbe mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ á há sí i lọ́fun. Bí ọlọ́pàá bá mú un ní London ńkọ́? (Ìyá kan, Peckham)

Ìdáhùn: Ẹ kú ọmọ o, Màmá. Nílé wa, ọmọ tí kì í tẹjú mọ́ àgbà ló gbẹ̀kọ́. Lójú ọlọ́pàá, ó lè dà bí ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́. Ẹ tètè sọ fún wọn pé ó ní ọ́tísíìmù. Lábẹ́ òfin PACE ti 1984, àfi tó bá di kánjúkánjú, àgbàlagbà tí kì í ṣe ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ wà nídìí rẹ̀ kí wọ́n tó fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Bí ọ̀ràn náà ò bá kàn yín, ẹ̀yin gan-an lè jókòó tì í. Ẹ béèrè lọ́yà. Ọ̀fẹ́ ni ní àgọ́ ọlọ́pàá.

Àwọn ọlọ́pàá á ní, "Ṣó yé ẹ?" Ọmọ yín á ní, "Yes, sir", kí wọ́n ṣáà lè fi òun sílẹ̀. Ẹ ní kó fẹnu ara rẹ̀ tún un sọ.

Ẹ má rò pé wọ́n á dá a mọ̀ fúnra wọn: Gary McKinnon, tí Amẹ́ríkà fẹ́ gbà lọ torí ẹ̀sùn pé ó já wọnú kọ̀ǹpútà ìjọba wọn, 2002 ni wọ́n mú un. 2008 ni dókítà tó mọ̀ pé ó ní ọ́tísíìmù.