Ẹ̀rí Ilẹ̀ Kì Í Gbé Ojú Kan: Lẹ́tà Ìmọ̀ràn sí Ọmọ Àbúrò Tí Ó Fẹ́ Ra Ilẹ̀ ní Èkó



Kò sí ìwé kan ṣoṣo ní Ìpínlẹ̀ Èkó tí ó lè dá sọ ẹni tí ó ni ilẹ̀, ibi tí ààlà rẹ̀ dé, àti gbèsè tàbí ẹjọ́ tí ó rọ̀ mọ́ ọn. Ohun tí ẹni tí ó ń múra àtira ilẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ nìyí, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tí owó wọn bọ́ sọ́wọ́ gbájú-ẹ̀ kì í ṣe aláìníwèé. Ìwé wà lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ni ìwé náà sọ. Ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan a máa dáhùn kìkì ohun tí a bá bi í. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà ẹbí fi ń gba ọmọ wọn níyànjú pé kí owó má ṣe kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ títí ìdáhùn ibi mẹ́rin yóò fi bára mu: ibi tí ìjọba ń forúkọ ilẹ̀ sílẹ̀, ibi tí wọ́n ń tọ́jú àwòrán ilẹ̀, ilé ẹjọ́, àti ọ̀dọ̀ ẹbí onílẹ̀ pẹ̀lú àwọn aládùúgbò.

Ìtàn ni ó fà á tí ẹ̀rí ilẹ̀ fi fọ́n káàkiri báyìí. Kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú ní ọdún 1861, ìwé kò wọ́pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Àwọn ìjòyè Ìdẹ́jọ ni onílẹ̀, ẹbí ni ó ń jogún, ẹnu àwọn àgbà àti àwọn tí ó bá wọn pààlà ni ó sì ń jẹ́rìí. Lẹ́yìn náà ni ìjọba àmúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ènìyàn ní ìwé ilẹ̀ ní orúkọ adé Gẹ̀ẹ́sì, débi pé orúkọ ẹnìkan a wà nínú ìwé nígbà tí gbogbo ẹbí ṣì gbà pé ilẹ̀ náà jẹ́ ti àpapọ̀. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ ní Àpápá, tí wọn kò sì fẹ́ san owó gidi lé e lórí, Olóyè Àmódù Tìjání, ìjòyè Ìdẹ́jọ tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ Olúwa ti Èkó, pe ìjọba lẹ́jọ́, òun àti Herbert Macaulay, gbajúmọ̀ olóṣèlú Èkó, sì tẹ̀ lé ẹjọ́ náà dé London. Ní ọdún 1921, ìgbìmọ̀ Privy Council, tí ó jẹ́ ilé ẹjọ́ tí ó ga jù fún àwọn ìlú tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, dá a pé gbígbà tí Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó kò pa ẹ̀tọ́ tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ní sórí ilẹ̀ wọn rẹ́, àti pé owó tí ìjọba yóò san gbọ́dọ̀ jẹ́ iye tí a ń san fún ẹni tí ó ni ilẹ̀ tán pátápátá. Láti ìgbà náà ni ẹ̀tọ́ ẹbí àti ẹ̀tọ́ inú ìwé ti jọ ń gbé lórí ilẹ̀ kan náà, ẹni tí ó bá wádìí ọ̀kan tí ó fi èkejì sílẹ̀ kò tíì wádìí.

Lẹ́yìn ẹ̀tọ́ ẹbí àti ti ìwé, ìpele kẹta dé ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1978, nígbà tí ìjọba ológun ṣe òfin tí a mọ̀ sí Land Use Act. Òfin náà fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ àkóso gómìnà, kí ó máa dì í mú fún àǹfààní gbogbo ará ìlú. Ohun tí ẹnikẹ́ni ní láti ìgbà náà wá ni ẹ̀tọ́ láti gbé orí ilẹ̀ àti láti lò ó. Ìwé tí ó ń jẹ́rìí sí ẹ̀tọ́ yìí ni Certificate of Occupancy, tí a ń pè ní C of O, ọdún 99 ni wọ́n sì sábà máa ń kọ sínú rẹ̀, tí ó túmọ̀ sí pé ẹni tí ó bá ra ilẹ̀ tí C of O rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1985 kò ra ju ọdún tí ó ṣẹ́kù lọ. Abala 22 òfin náà tún sọ pé ẹni tí ó ní irú ẹ̀tọ́ yìí kò gbọ́dọ̀ tà á, kí ó fi yáwó, tàbí kí ó gbé e fún ẹlòmíràn láìgba àṣẹ gómìnà, abala 26 sì sọ irú káràkátà bẹ́ẹ̀ di òfo. Ní ọdún 1989, nínú ẹjọ́ tí ó wà láàárín Savannah Bank àti Ajilo, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ sọ pé àṣẹ yìí kan ẹni tí ó ti ní ilẹ̀ ṣáájú 1978 pàápàá. Nítorí náà, bí olùtà bá mú C of O ẹlòmíràn jáde pẹ̀lú ìwé tí a fi gbé ẹ̀tọ́ náà lé òun lọ́wọ́, èyí tí àwọn lọ́yà ń pè ní Deed of Assignment, ohun tí a ó kọ́kọ́ wò lára ìwé kejì yìí ni bóyá àṣẹ gómìnà wà níbẹ̀, bóyá wọ́n ti san owó òǹtẹ̀ ìjọba lé e, àti bóyá wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ibi ìforúkọsílẹ̀ náà, tí a ń pè ní Lands Registry, wà ní Alausa ní Ìkẹjà. Ẹ̀dà ìwé olùtà ni a ó kọ́kọ́ gbà, nítorí nọ́ńbà tí ó wà lára rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ìwádìí. Ìwé tí a ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ máa ń ní nọ́ńbà, ojú ìwé àti ìdìpọ̀. Fún àpẹẹrẹ, òǹtẹ̀ lè sọ pé ó jẹ́ nọ́ńbà 35, ní ojú ìwé 35, nínú ìdìpọ̀ 2010. Lọ́yà yóò kọ lẹ́tà pé òun fẹ́ yẹ àkọsílẹ̀ náà wò, wọn yóò san owó tí ìjọba là sílẹ̀, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ yóò sì gbé àbájáde jáde ní kíkọ. Kò tó kí àbájáde náà sọ pé nọ́ńbà náà wà lóòótọ́, nítorí ayédèrú ìwé a máa gbé nọ́ńbà gidi ti ilẹ̀ ẹlòmíràn wọ̀. A gbọ́dọ̀ fi orúkọ tí ó wà nínú àkọsílẹ̀ wé orúkọ olùtà, kí a fi ọjọ́ wé ọjọ́, kí a fi ìwọ̀n ilẹ̀ wé ìwọ̀n ilẹ̀, kí a sì béèrè ẹ̀dà tí ọ́fíìsì fi òǹtẹ̀ jẹ́rìí sí, kí a lè gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ti ọwọ́ olùtà, kí a kà wọ́n ní ìlà sí ìlà.

Lẹ́yìn orúkọ, ẹrù tí ó wà lórí ilẹ̀ ni ó kàn. Bí ẹni tí ó ni ín bá ti fi yáwó ní báńkì, tí ó sì ti san án tán, ó yẹ kí ìwé ìtúsílẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, lójú àkọsílẹ̀, ọwọ́ báńkì ṣì wà lórí ilẹ̀ náà. Ẹlòmíràn lè ti fi ìkìlọ̀ síbẹ̀ pé òun ní ẹ̀tọ́ tí kò tíì yanjú, tàbí kí ilé ẹjọ́ ti pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kàn án. Bí ó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ ni orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé, a óò yẹ̀ ẹ́ wò ní Corporate Affairs Commission, ibi tí ìjọba ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, bóyá ilé-iṣẹ́ náà ṣì wà, àti bóyá àwọn tí ó ń bu ọwọ́ lùwé jẹ́ olùdarí rẹ̀ lóòótọ́. Bí olóhun bá ti kú, jíjẹ́ ọmọ rẹ̀ nìkan kò tó láti sọ ènìyàn di olùtà. Ilé ẹjọ́ gíga ni ó ń fún àwọn àrólé ní ìwé àṣẹ láti bójú tó ogún, ẹ̀ka tí ó ń jẹ́ Probate ni a sì ti ń yẹ ìwé náà wò.

Bí wọ́n bá ní àwọn kò rí àkọsílẹ̀ kankan, ìyẹn kò fi hàn pé olè ni olùtà, nítorí ilẹ̀ ẹbí tí a kò tíì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ rí pọ̀ ní Èkó. Ohun tí ó fi hàn ni pé gbogbo ìwọ̀n ẹ̀rí ti bọ́ sí èjìká àwòrán ilẹ̀ àti ti ẹbí, ìwádìí ibẹ̀ sì gbọ́dọ̀ le sí i.

Àwòrán ilẹ̀ ni gbogbo ayé mọ̀ sí sọ́fè. Lára rẹ̀ ni orúkọ ẹni tí a wọn ilẹ̀ náà fún wà, pẹ̀lú àdúgbò, ìwọ̀n ilẹ̀, ọjọ́ tí a wọ̀n ọ́n, àti ọwọ́ sọ́fèyọ̀ tí ó ní ìwé àṣẹ iṣẹ́. Ìlà pupa ni ó yí ilẹ̀ náà ká. Ní igun kọ̀ọ̀kan ni a kọ nọ́ńbà píláà sí, èyí tí a tún tẹ̀ sórí òpó kékeré onísìmẹ́ńtì tí a rì mọ́lẹ̀ níbẹ̀, a sì kọ àwọn nọ́ńbà tí ó tọ́ka sí ibi tí igun náà wà gan-an lórí ilẹ̀ ayé. Àwọn nọ́ńbà yìí ni olùrà nílò jù lọ, nítorí àrékérekè tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí olùtà mú ènìyàn lọ wo ilẹ̀ kan, kí ó sì kó sọ́fè ilẹ̀ mìíràn lé e lọ́wọ́. Ẹni tí ó gbọ́n yóò gba sọ́fèyọ̀ tirẹ̀, tí kì í ṣe ti olùtà, kí ó gbé ẹ̀rọ dé orí ilẹ̀, kí ó ka igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ó sì gbé ohun tí ó kà lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ìpínlẹ̀, níbi tí àwọn sọ́fèyọ̀ ń kó ẹ̀dà iṣẹ́ wọn sí.

Ní ọ́fíìsì yìí ni a ti ń mọ̀ bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ náà. Ilẹ̀ tí ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé lápapọ̀, tí wọn kò tíì lò, yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ kan pàtó, bí ọ̀nà tàbí ẹ́síteètì. Ó ṣeé ṣe kí ìjọba gbà láti tún ọ̀rọ̀ ti àkọ́kọ́ ṣe fún ẹni tí ó wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi owó rẹ̀ sórí ti èkejì. Nígbà mìíràn ìjọba a máa yọ apá kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ìlú nínú ilẹ̀ tí wọ́n ti gbà, èyí tí wọ́n ń pè ní excision, wọn a sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn ìjọba tí í ṣe gásẹ́ẹ̀tì. Bí olùtà bá ní ilẹ̀ òun ní gásẹ́ẹ̀tì, orúkọ abúlé nìkan kò tó ẹ̀rí. A gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá nọ́ńbà igun ilẹ̀ náà bọ́ sínú apá tí ìjọba yọ sílẹ̀, nítorí abúlé kan náà lè ní ilẹ̀ tí a yọ sílẹ̀ àti èyí tí a kò yọ.

Ọ̀dọ̀ ẹbí ni ẹ̀rí ti ń ti ẹnu jáde, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ sì nípọn. Ní ọdún 1959, nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, ilé ẹjọ́ là á yékéyéké pé bí àwọn ọmọ ẹbí bá ta ilẹ̀ láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni. Bí olórí ẹbí bá sì dá tà á láìgba ìyọ̀ǹda àwọn àgbà ẹbí, àwọn yòókù lè lọ sí ilé ẹjọ́ kí a fagi lé e. Nítorí náà, rìsíìtì tí ènìyàn kan ṣoṣo bu ọwọ́ lù kò ju bébà lọ. Ẹ̀ka mélòó ni ẹbí náà ní? Ta ni olórí wọn, ta sì ni aṣojú ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan? Ṣé wọ́n ti pín ilẹ̀ náà, àbí ó ṣì wà ní àpapọ̀? Aládùúgbò tí ó ti pẹ́ níbẹ̀, ẹni tí ó ń dáko lórí ilẹ̀ náà, àti ẹni tí ó bá a pààlà yóò sọ ohun tí olùtà kò ní sọ, nítorí abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Òfin fúnra rẹ̀ ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí: ní 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ka ọ̀nà márùn-ún tí a lè gbà fi hàn pé ènìyàn ni ó ni ilẹ̀, èyíinì ni ìtàn ìṣẹ̀ǹbáyé, ìwé, ìṣe tí ó fi ènìyàn hàn bí olóhun, pípẹ́ lórí ilẹ̀, àti níní ilẹ̀ tí ó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìwé kàn jẹ́ ọ̀kan nínú márùn-ún ni. Ẹ̀yìn èyí ni lọ́yà yóò béèrè ní ilé ẹjọ́ gíga bóyá ẹjọ́ kan ń lọ lórí ilẹ̀ náà, nítorí ẹni tí ó bá ra ilẹ̀ tí ẹjọ́ ń lọ lórí rẹ̀ ti ra ẹjọ́ náà mọ́ ọn.

Bí ilé bá wà lórí ilẹ̀, ìwé owó ilé tí ìjọba ń gbà lọ́dọọdún, tí a ń pè ní Land Use Charge, tún wúlò. Òfin 2001 ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí owó náà wọ́n gógó ní 2018 tí àwọn ará ìlú sì figbe ta, ìjọba dín in kù, òfin tuntun sì dé ní 2020. Iye tí wọ́n bá dá lé ilé ni wọ́n fi ń ṣírò owó náà, ilé kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà tirẹ̀ lórí ìwé. Olùrà yóò fi orúkọ àti nọ́ńbà ibẹ̀ wé ìwé yòókù, yóò sì béèrè bóyá gbèsè wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n rìsíìtì owó yìí kì í sọ ẹni tí ó san án di olóhun, ẹni tí ó bá sì fi í hàn bí ìwé ìní ń tan ènìyàn jẹ ni.

Ìlànà yìí kò yàtọ̀ púpọ̀ ní ìpínlẹ̀ yòókù. Òkè-Mosàn ní Abẹ́òkúta ni ti Ògùn, Àgọ́dì ní Ìbàdàn ni ti Ọ̀yọ́. Bí ìdáhùn ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá sì ti bára mu, tí a ti rà á, iṣẹ́ kò tíì parí. Kí olùrà gba àṣẹ gómìnà, kí ó san owó òǹtẹ̀, kí ó forúkọ ìwé rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì sọ fún ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ ibi tí ìwé wà, nítorí ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ ti fi irú ìdààmú tí òun fúnra rẹ̀ sá fún sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀.

Bí olùtà bá ń kánjú, tí ó ń wí pé ẹlòmíràn ti ń kówó bọ̀ lọ́la, kí olùrà jẹ́ kí ẹlòmíràn rà á. Ilẹ̀ mìíràn kò ní ṣàìsí, ṣùgbọ́n owó ọdún gbọọrọ tí ènìyàn fi òógùn kó jọ ṣòro láti tún kó. Ohun tí àwọn àgbà ń béèrè ni pé kí ó kó àbájáde ìwádìí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá sílé ní kíkọ, kí wọ́n jọ kà á, kí ó tó san kọ́bọ̀. Ọlọ́run yóò fún un ní ilẹ̀ tí kò ní ẹjọ́ nínú, yóò kọ́lé sí i, yóò sì gbé inú rẹ̀ pẹ́.

Láti ọwọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá.