Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Nǹkan oṣù tí kì í dé lásìkò

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ kà lónìí, ọ̀rọ̀ abẹ́ aṣọ ni. Ọ̀pọ̀ obìnrin kì í sọ ọ́ jáde. Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ wà láàárín wa, ẹ má dìde. Ó kàn yín.

Ẹ jẹ́ kí á pe obìnrin inú ẹ̀kọ́ yìí ní Àdùnní. Kétu ni ó ń gbé, ó ń ta aṣọ lọ́jà. Ọdún kẹrin rèé tí ó ti wà nílé ọkọ, kò tíì lóyún. Nǹkan oṣù rẹ̀ kì í dé lásìkò. Irun ń hù ní àgbọ̀n rẹ̀. Ìdájí ni ó máa ń fi abẹ fá a, kí ẹnikẹ́ni tó jí. Irorẹ́ bo ojú rẹ̀ bí ẹni pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ní ayé ni ó dì í. Ó mú un lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan, onítọ̀hún fún un ní àgbo. Wọ́n sanwó. Wọ́n tún lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, wọ́n tún sanwó. Owó ọjà tán lọ́wọ́ Àdùnní, nǹkan oṣù kò dé. Àwọn ẹbí sì ti ń wá ìyàwó mìíràn fún ọkọ rẹ̀.

Nígbà tí ó dé ilé ìwòsàn, agbẹ̀bí bi í ní ọ̀rọ̀ kan tí ẹnì kankan kò tíì bi í rí. Ó ní: «Àbúrò mi, ọjọ́ mélòó ló ń wà láàárín nǹkan oṣù kan àti èkejì?» Àdùnní ní: «Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ̀. Mi ò kọ ọ́ sílẹ̀ rí.»

Àwọn méjèèjì jọ ṣe é. Agbẹ̀bí ràn án lọ́wọ́ títí ó fi rántí. Èyí àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kìíní, ọdún tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni. Èkejì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù kejì, ọjọ́ tí wọ́n sin ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Ẹ̀kẹta bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin. Oṣù kejì ọdún náà ní ọjọ́ 28. Wọ́n kà á: ọjọ́ 52, lẹ́yìn náà ọjọ́ 55.

Ṣé ẹ rí i? Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé, ohun èlò ti wà lọ́wọ́ yín. Ẹ gbé kàlẹ́ńdà kọ́ ògiri. Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá kọ́kọ́ dé, ẹ fi àmì sí i. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí kà títí di ọjọ́ tí òmíràn yóò bẹ̀rẹ̀. Fún obìnrin tó ti dàgbà, láti ọjọ́ 21 títí dé ọjọ́ 35, kò séwu. Bí ó bá ń ju 35 lọ léraléra, tàbí tí nǹkan oṣù kò tó ẹ̀ẹ̀mẹjọ lọ́dún, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Wọn yóò kọ́kọ́ wò ó bóyá oyún ni. Ọmọbìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ti ọdún àkọ́kọ́ kì í fìdí múlẹ̀. Ẹ má tìtorí ìyẹn dà á láàmú.

Dókítà gba ẹ̀jẹ̀ Àdùnní. Ó fi ẹ̀rọ wo inú rẹ̀ láìgé ara. Ó ní SOPK ni àìsàn náà ń jẹ́, bí wọ́n ṣe ń pè é ní èdè Faransé. Kì í ṣe àìsàn tuntun. Ní 1935 ni àwọn dókítà méjì ní Chicago, ní Amẹ́ríkà, Stein àti Leventhal, kọ̀wé nípa rẹ̀. Kì í ṣe ti ilẹ̀ wa nìkan náà. Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí à ń pè ní OMS, ní nínú 100 obìnrin tí ó wà lọ́jọ́ orí ìbímọ, bíi 10 sí 13 ló ní in, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀. Ẹ wo ọjà Kétu lọ́jọ́ tí ó bá kún, kí ẹ ro iye obìnrin tí ìyẹn jẹ́!

Báwo ni ó ṣe ń ṣẹlẹ̀? Iyán, ọkà, ẹ̀bà, búrẹ́dì, gbogbo wọn ni ó ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tí a bá jẹ wọ́n. Èròjà kan wà nínú ara tí ń jẹ́ ínsúlínì. Òun ni kọ́kọ́rọ́ tí ń ṣílẹ̀kùn kí ṣúgà lè wọ inú ẹran ara, kí a fi ṣe agbára. Lára ọ̀pọ̀ obìnrin tí ó ní àìsàn yìí, ó dà bí ẹni pé àgádágodo ti dógùn-ún. Kọ́kọ́rọ́ kan kò ṣí i mọ́. Ara á wá máa rọ kọ́kọ́rọ́ kún kọ́kọ́rọ́. Ínsúlínì tó pọ̀ jù yìí á dé ilé ẹyin, á sì máa tì í kí ó ṣe púpọ̀ nínú èròjà tí ń mú irùngbọ̀n hù lára ọkùnrin. Gbogbo obìnrin ló ní díẹ̀ nínú èròjà yẹn, ṣùgbọ́n tiwọn á pọ̀ jù. Irun á hù, irorẹ́ á yọ. Ẹyin á bẹ̀rẹ̀ sí dàgbà, kò níí gbó, kò níí jáde. Àwọn ẹyin kéékèèké yẹn á tò sára ilé ẹyin bí ìlẹ̀kẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ rí nìyẹn. Kì í ṣe iju. Ẹnì kankan kò fi síbẹ̀.

Ó máa ń rìn nínú ẹbí, láti ara ìyá sí ọmọ, tàbí kí tẹ̀gbọ́n tàbúrò ní in. Obìnrin tó sanra ló pọ̀ jù nínú wọn, ṣùgbọ́n obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ náà ń ní in.

Kò sí òògùn tí ń wò ó tán pátápátá. Ẹni tí ó bá ní òun ní irú rẹ̀, owó yín ni ó ń wò. Ṣùgbọ́n a lè kápá rẹ̀, ìdáná sì ni a ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo bí Àdùnní ṣe ń jẹun. Láàárọ̀, búrẹ́dì àti kọfí pẹ̀lú wàrà dídùn inú agolo. Lọ́sàn-án, òkèlè ńlá, ọbẹ̀ ṣíṣàn, ẹja kékeré kan. Bí oòrùn bá mú lọ́jà, ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan, nígbà mìíràn méjì. Ẹ gbọ́ o: nínú ìgò kan tí ó gba sáńtílítà 33, ṣúgà inú rẹ̀ lè tó gíráàmù 35. Ìyẹn tó hóró ṣúgà mẹ́fà tàbí méje! Ta ni yóò da hóró ṣúgà méje sínú ife omi kan kí ó mu ún?

Agbẹ̀bí kò ní kí ó fi òkèlè sílẹ̀. Ta ni yóò gbà? Ó ní kí ó pa ipò wọn dà: kí abọ́ ọbẹ̀ tóbi, kí òkèlè kéré, kí ó tó ìkúùkù ọwọ́ ẹni kan. Kí ọbẹ̀ ki fún ilá, tẹ̀tẹ̀, gbọ̀rọ̀ tàbí ewédú. Kí ẹja tàbí ẹyin wà níbẹ̀. Ẹ̀wà dára gan-an, nítorí díẹ̀díẹ̀ ni ṣúgà rẹ̀ ń wọ ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n a mọ ara wa: àwa a máa da gàrí lé ẹ̀wà títí a kò fi níí rí ẹ̀wà mọ́. Ẹ bù ú níwọ̀n. Kí epo má léfòó lórí ọbẹ̀. Ẹ jẹ ọsàn fúnra rẹ̀ dípò omi rẹ̀. Kí omi lásán rọ́pò ẹlẹ́rìndòdò.

Kí ẹ má febi pa ara yín. Ẹni tí kò jẹun láti àárọ̀, ilẹ̀ á ṣú tán, á wá jẹ ti ẹni mẹ́ta. Ẹ má sì ra oúnjẹ olówó ńlá tí wọ́n ń polówó. Àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ jọ ṣe ìlànà kan jáde ní 2023 lórí àìsàn yìí. Wọ́n ní kò sí oríṣi oúnjẹ kan tí ó ju gbogbo ìyókù lọ. Ti ilé wa tó.

Àdùnní wọn kílò 80. Bí obìnrin tó sanra bá dín 5 sí 10 kù nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀, nǹkan oṣù ọ̀pọ̀ wọn a máa padà bọ̀ sípò. Ti Àdùnní jẹ́ kílò 4 sí kílò 8. Kì í ṣe iṣẹ́ oṣù kan o. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ní tirẹ̀ kò ní ohun tí yóò dín kù, ṣùgbọ́n irú oúnjẹ kan náà ni yóò jẹ, kí ó sì máa lo ara rẹ̀.

Lílo ara: ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ó kéré tán. Ìṣẹ́jú 30 ní ọjọ́ márùn-ún nìyẹn. Zémíjàn ló ń gbé Àdùnní lọ sọ́jà tẹ́lẹ̀, á sì jókòó síbẹ̀ títí di alẹ́. Ó ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ báyìí. Ẹni tí ó ti roko láti òwúrọ̀, tí ó gúnyán, tí ó pọnmi, a kò níí sọ fún ìyẹn pé kí ó tún lọ rìn. Kí ó lọ sùn ni. Oorun pẹ̀lú ń ran ara lọ́wọ́.

Ìyá ọkọ kọ́kọ́ bínú sí ọbẹ̀ eléwé yìí. Agbẹ̀bí bá wọn sọ ọ́ pé kí wọ́n má dáná méjì. Bí a bá ń se ti Àdùnní lọ́tọ̀, á máa ṣe é bí aláìsàn. Ìkòkò kan náà ni gbogbo ilé ń jẹ báyìí. Màmá náà, ẹlẹ́jẹ̀ ríru, kò ráhùn mọ́.

Ohun mẹ́ta kan kù tí a kò gbọ́dọ̀ fi oúnjẹ nìkan ṣe. Bí ọjọ́ 90 bá kọjá tí ẹ̀jẹ̀ kò dé, ẹ padà sí ilé ìwòsàn. Inú ilé ọmọ ń nípọn, bó bá ń pẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ó lè di jẹjẹrẹ. Òògùn wà tí ń mú ẹ̀jẹ̀ náà wá. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín wò pẹ̀lú, nítorí àtọ̀gbẹ a máa tẹ̀ lé àìsàn yìí. Ẹ sọ àgbo tí ẹ ń mu fún dókítà, kò níí bú yín. Ní ti ọmọ, òògùn wà tí ń mú ẹyin gbó, ọ̀pọ̀ obìnrin tí ó ní SOPK ló sì ti bímọ. Ẹni tí kò tíì fẹ́ lóyún, kí ó má fọkàn balẹ̀ o! Ẹyin lè jáde lọ́jọ́ tí a kò retí.

Ọkọ Àdùnní náà lọ ṣe àyẹ̀wò tirẹ̀. Ó lọ́ tìkọ̀ fún oṣù méjì kí ó tó lọ. Ẹni méjì ló ń bímọ.

Ní oṣù kẹwàá, Àdùnní wọn kílò 75. Kò tíì lóyún. Dókítà ti bẹ̀rẹ̀ òògùn tí ń mú ẹyin gbó fún un, àwọn ẹbí sì ti dákẹ́ ọ̀rọ̀ ìyàwó kejì ná.

Ìbéèrè

1. Nǹkan oṣù Àdùnní dé ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá, ó tún dé ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá. Ọjọ́ mélòó ni? Ẹ fi wé 52 àti 55.

2. Obìnrin kan tó sanra wọn kílò 60. Kílò mélòó ni 5 nínú 100 rẹ̀?

3. Nílé yín, ta ló ń bu oúnjẹ? Lálẹ́ àná, èwo ló tóbi jù, abọ́ ọbẹ̀ ni àbí òkèlè?