Bí A Bá Fẹ́ Fi Ilé Ìdáná Kún Ilé Ẹbí

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ẹ̀kọ́ wa lóṣù yìí dá lórí ilé ìdáná. Bí èyí tó wà nílé bá ti há jù, tí ẹbí fẹ́ kọ́ òmíràn mọ́ ọn, iye búlọ́ọ̀kù ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ jíròrò. Ìyẹn kò le. Yàrá tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 10, tó gùn ní 12, tó ga ní 9, tó sì fara ti ògiri ilé àtijọ́, yóò gba nǹkan bíi 220 búlọ́ọ̀kù oní-ínǹṣì 9, láìka ìpìlẹ̀, ilẹ̀kùn kan àti fèrèsé méjì.

Èéfín ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Níbo ni yóò gbà jáde? Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn ló kú nítorí èéfín ìdáná inú ilé. Àwọn ìyá wa àti ọmọ tí wọ́n pọ̀n ló ń fa á símú jù. Nílẹ̀ Yorùbá, gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá lọ́pọ̀ oṣù nínú ọdún. Ìgbà ọyẹ́ ló ń ti àríwá ìlà-oòrùn wá. Nítorí náà, bí ilẹ̀ bá gbà, ẹ̀gbẹ́ àríwá ìlà-oòrùn ilé ni kí ilé ìdáná wà, kí fèrèsé méjèèjì sì kọjú síra.

Ṣùgbọ́n ta ni ń gbé níhà ibẹ̀? Aládùúgbò ní ẹ̀tọ́ lórí Mùsùlùmí. Èéfín tí a lé kúrò lọ́dọ̀ ìyá wa kò gbọdọ̀ di ti ọmọ rẹ̀. Ẹ fà sẹ́yìn kúrò lẹ́bàá fèrèsé rẹ̀, kí ọ̀nà èéfín ga kọjá òrùlé, kí ẹ sì bá a sọ ọ́ kí bíríkìlà tó dé.

Gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ; bó bá jò, ilẹ̀ ló ń wọ́ lọ, fèrèsé òkè kò sì lè lé e tán. Ẹ dá ihò sí ìsàlẹ̀ ògiri, kí sílíńdà wà níta.

Bí bàbá bá ti kú tí a kò tíì pín ogún, gbogbo ajogún ló ni ilẹ̀ náà, títí kan àwọn ọmọbìnrin tó wà nílé ọkọ. Ẹ gba ohùn wọn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá ẹ̀bùn ni owó ẹni tó kọ́ ọ, àbí yóò gbà á padà nígbà ìpín. Àwọn tí yóò dáná níbẹ̀ ni kí ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró lórí ilẹ̀ náà, kí wọ́n fi hàn yín ibi tí ọwọ́ wọn yóò dé. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ ya àwòrán rẹ̀, kí ẹ gbé e lọ gba ìwé àṣẹ ìkọ́lé.